Sọ Fún Wa Nípa Ara Rẹ: Mímúra Sílẹ̀ De Ìbéèrè Níbi Tí A Ti Ń Wá Àyè IT

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí sọ ní Ìlọrin)

Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń bi ọmọ ilé ìwé tó bá wá àyè IT lọ́dọ̀ wọn. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé ìyá tí kò mọ ìwé kà pàápàá ní iṣẹ́ láti ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Ní 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, nítorí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń jáde nílé ìwé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò mọ iṣẹ́. Oṣù 4 ni àwọn ọmọ poli ń lò, ti yunifásítì sì sábà máa ń tó oṣù 6. Ẹni tó bá parí ND tún gbọ́dọ̀ lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kó tó wọ HND. Ọmọ tí kò bá rí ibi tí wọ́n ti gbà á, ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa dúró.

Ẹ wá wo Ìlọrin wa yìí. Unilorin wà níbí, Kwara Poly wà níbí, àwọn yunifásítì aládàáni náà ti dé. Nígbà kan náà ni gbogbo wọn ń tú ọmọ jáde láti wá àyè, àyè kò sì tó wọn. Ọmọ ẹni tó lẹ́nìkan lókè, orí fóònù ni wọ́n ti gba àyè tirẹ̀. Ọmọ tiwa, ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi gba tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa kọ́kọ́ bi ọmọ ni pé, "Sọ fún wa nípa ara rẹ." Ó dà bí eré, òun ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú. Ọmọ á sọ orúkọ rẹ̀, á sọ ìlú rẹ̀, á sọ iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, ó parí nìyẹn. Àwọn ọ̀gá yẹn ti rí orúkọ àti ìlú nínú lẹ́tà tó mú wá. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: kí ni o ń kọ́, kí ni ọwọ́ rẹ ti ṣe rí, kí ló sì gbé ọ wá sọ́dọ̀ wa?

Níbi "kí ni ọwọ́ rẹ ti ṣe rí" yìí ni àwọn ọmọ wa ti máa ń sọ pé, "Mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí, sà." Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe òótọ́! Ìwọ ọmọbìnrin tí ìyá rẹ ń ta gàrí ní ọjà Ìpàtà, láti ìgbà tí o ti wà ní JSS ni o ti ń bá wọn kọ ìwé àwìn. Ìwọ lo mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó ti san díẹ̀, àti iye kóńgò tó kù nínú àpò. Bí o bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, irú iṣẹ́ wo ni o tún fẹ́ kí wọ́n pè ní iṣẹ́? Ìwọ ọmọkùnrin tí o ń tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí o mọ ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, tí o ń yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ nù kó tó tan, sọ ọ́ fún wọn. Ìwọ tí wọ́n ń hun aṣọ òkè nílé yín, o ti ń ka òwú láti kékeré, o sì mọ̀ pé bí fọ́nrán kan bá ṣì, àṣìṣe náà máa hàn títí dé ìparí aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wọn nǹkan máa fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn náà kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe lè lọ: "Orúkọ mi ni báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò owó. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń bá ìyá mi kọ ìwé ọjà àti ìwé àwìn ní ìsọ̀ wọn. Mo fẹ́ mọ bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe tirẹ̀, ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sí àṣejù.

Ibí ni iṣẹ́ kan ẹ̀yin òbí. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jókòó sórí àga, kí ọmọ jókòó síwájú yín, kí ẹ sì bi í léèrè ní Yorùbá: "Kí ni ò ń kọ́ nílé ìwé gan-an? Kí ló wúlò fún?" Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ìyá rẹ̀, kò tíì yé òun náà. Bó bá ti lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kó wá tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi í níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ má fi ọmọ rẹ́rìn-ín bó bá kólòlò.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀. A kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe máa wo àgbà lójú, ó sì dára bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè, ọmọ tó ń wo ilẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Kó kí wọn dáadáa bó bá wọlé, kó tẹrí ba, kó dúró títí wọ́n á fi ní kó jókòó, lẹ́yìn náà kó gbójú sókè wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. "Sà" àti "Mà" ti tó. Kó má pe ọ̀gá kankan ní "Dádì".

Wọ́n á tún bi í pé, "Èéṣe tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wa?" Ẹni tó bá fèsì pé òun kàn ń wá ibi tí òun á ti ṣe IT ni, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á. Kó tó lọ, kó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bó bá fẹ́ lọ sí Tuyil, kó mọ̀ pé oògùn ni wọ́n ń ṣe, kó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn kan. Bó bá jẹ́ KAM, ìṣó, wáyà àti páànù ìbòrí ilé ló sọ wọ́n di olókìkí. Kó lọ bi káfíńtà àdúgbò bí ìṣó wọn ṣe rí. Bó bá jẹ́ NCAM ní Ìdọ̀fíàn, ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni tiwọn. Ọmọ tó ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yọ èèpo ẹ̀gẹ́ lábúlé, tó sì ní òun fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é, ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè iṣẹ́ gan-an. Wọ́n lè gbé mítà lé ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná lọ́wọ́, kí wọ́n ní kó wọn iná inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Volt ló máa yí mítà sí, ohun tó sì yẹ kó rí ni nǹkan bíi 220 sí 240. Bó bá yí i síbi tí wọ́n ti ń wọn ampere, tó wá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíúsì mítà á jó, ó sì lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn Unilorin ní Òkè-Ọyì, kó mọ ìdí tí a fi ń kọ orúkọ aláìsàn sára ìgò ẹ̀jẹ̀ kí ohunkóhun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké báyìí ni wọ́n ń bèèrè. Bí kò bá mọ ìdáhùn, kó sọ pé, "Mi ò tíì mọ èyí, sà, wọn ò tíì kọ́ wa débẹ̀, ṣùgbọ́n màá fẹ́ kọ́ ọ." Ẹni tó parọ́ pé òun mọ ẹ̀rọ, wọ́n lè mú un lọ sídìí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tó ń gé irin kò sì mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Bákan náà ni bí wọ́n bá bi í pé kí ni àléébù rẹ̀: kó sọ ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́, àti ohun tó ń ṣe láti tún un ṣe.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dun àwọn ọmọ wa: "Ta ló rán ọ wá?" Kí ọmọ má bẹ̀rù. "Ilé ìwé mi ni, sà, lẹ́tà wọn rèé." Kó má lọ dárúkọ olóyè tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kó san owó kí wọ́n tó fún un láyè, kó dìde kó máa lọ. A kò gbàgbé March 15, 2014, nígbà tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ọ̀dọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti san ₦1,000, rọ́ lọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí nítorí iṣẹ́ Immigration tí kò tó 5,000. Ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn aboyún wà lára wọn. Owó àti ẹ̀mí ọmọ tálákà ni wọ́n fi ṣòwò.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, wọ́n lè bi yín bí ẹ bá ti lọ́kọ, tàbí bóyá ẹ fẹ́ bímọ láìpẹ́. Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 kò fàyè gba kí òfin tàbí àṣẹ ìjọba fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn, tàbí nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù dáhùn pé, "Kò sí ohun tó máa dí iṣẹ́ mi lọ́wọ́ láàárín oṣù tí mo bá lò níbí." Ṣùgbọ́n èyí tó ní kí ẹ wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ má lọ, ẹ sọ fún ìyá yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ìyá, bí ó bá sọ fún yín, ẹ má ṣe bi í pé irú aṣọ wo ló wọ̀.

Wọ́n á bi í nípa ibi tó ń gbé àti iye ìgbà tó fẹ́ lò. Ẹ rántí Nehemáyà: nígbà tí ọba bi í pé ìgbà wo ni yóò padà, ó dá ìgbà fún un, ó sì ti mọ lẹ́tà tó fẹ́ gbà àti igi tó nílò. Kí ọmọ mọ ọjọ́ tí IT rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Láti Tánkẹ̀ dé Ìdọ̀fíàn lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ ńkọ́? Kí òbí àti ọmọ ti ṣírò rẹ̀ nílé, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í san nǹkan kan. Bí wọ́n bá bi í pé èló ló fẹ́ kí wọ́n máa san, kó ní iṣẹ́ ni òun wá kọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè ran òun lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀, inú òun á dùn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ìparí, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè?" Kó má sọ pé rárá. Kó bèèrè ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí logbook rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi í sí, àti bóyá wọ́n máa fún un ní bàtà àti ìbọ̀wọ́ ààbò tàbí kó wá tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló máa wá a, kó wá a kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.