Ọ̀tẹ̀ Ẹrú ní Haiti àti Ilẹ̀ tí Faransé Tà

Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, nítorí ilé-iṣẹ́ ni a ṣe ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá wọlé, kò ní pẹ́ tí olówó yóò fi ta ilé ìkẹ́rùsí náà. Irú èyí ni ó bá Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, ní 1803.

Saint-Domingue, ilẹ̀ tí ó di Haiti, ni oko ìrèké àti kọfí tí ó ń sọ Faransé di ọlọ́rọ̀. Nǹkan bí 500,000 ẹrú ni ó wà níbẹ̀. Lára wọn ni àwọn Nàgó, ọmọ Yorùbá, àti àwọn ará Alada, ìlú tí ó wà lẹ́yìn Àjàṣẹ́ bí ènìyàn bá ti Ọ̀tà gba Ìdí-Ìrókò kọjá. Napoleon gba Louisiana padà lọ́wọ́ Spéènì ní 1800, kí oúnjẹ àti pákó lè máa ti ibẹ̀ lọ sí oko náà.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú ti dìde láti 1791. Ní 1802, Leclerc kó ọmọ-ogun dé láti dá wọn padà sóko ẹrú. Wọ́n mú Toussaint Louverture lọ sí ẹ̀wọ̀n. Dessalines gba ogun jà. Ibà pọ́njú run àwọn Faransé. Leclerc pàápàá kú. Oko bọ́ lọ́wọ́ wọn, ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ń bọ̀. Napoleon ta Louisiana fún Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Haiti gba òmìnira ní 1804.

Ó ku ìbéèrè kan fún akẹ́kọ̀ọ́. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n tà yìí, ẹrú ni ó tún ń ro oko ìrèké àti òwú títí di ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865. Ẹni tí ó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tirẹ̀ lè yí ààlà ayé padà. Ta ni yóò já ti ẹlòmíràn?