Ohun Tí Ń Dínà Mọ́ Ìgbì Fóònù

Ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ rédíò. Nígbà míì, kí ìpè tó wọlé, rédíò á ti máa kùn, "kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́". Kì í ṣe àjẹ́ o! Ìgbì tí fóònù ń rán sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yà sínú wáyà rédíò.

Ní 1836, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday fi yàrá onírin hàn pé irin ń dínà mọ́ agbára iná mànàmáná; irin ń dínà mọ́ irú ìgbì fóònù bẹ́ẹ̀ náà. Àmọ́ irin wúwo, ó ń dípẹtà, bó bá sì ti dínà, ó dí i pa nìyẹn. Ohun tí a lè yí agbára ìdínà rẹ̀ padà làwọn onímọ̀ ń wá báyìí.

Ẹ wo fóòmù rírọ̀ tí wọ́n po kábọ́nù mọ́. Bó ṣe wà lásán, àwọn hóró kábọ́nù inú rẹ̀ jìnnà síra, ìgbì púpọ̀ ń kọjá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀: hóró fara kan hóró, iná ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ìgbì tó ń kọjá sì dín kù. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tún ṣí. Iná ni wọ́n fi ń yí òmíràn padà: ní 2023, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Drexel ní Philadelphia fi iná kékeré yí agbára ìdínà MXene padà, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣàwárí níbẹ̀ ní 2011.

Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn agbára ìdínà yìí. Bó bá jẹ́ 20, ìdá 99 nínú 100 agbára ìgbì náà ni kò ní kọjá.

Ní tiwa, bí rédíò bá ń kùn, ẹ kàn gbé fóònù jìnnà sí i. Mítà kan sábà máa ń tó.