Ríro àti Ṣíṣọ́: Ìjọ Kristi àti Ìtọ́jú Àyíká ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun



Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ibi tí a ti fi Ádámù sínú ọgbà, nínú orí kejì ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni wọ́n lò fún iṣẹ́ rẹ̀: ro àti ṣọ́. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ ríro. Ọkọ́ ni a fi ń ṣe é. Ṣíṣọ́ yàtọ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ nǹkan gbà pé ewu wà. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó ń ṣọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù wa, ríro nìkan ni à ń gbọ́, pẹ̀lú ìbùkún tí ń tẹ̀lé e. A ti fi ṣíṣọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ alẹ́.

Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Orolú. Ìlú méjèèjì fara kanra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè máà mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Erinlẹ̀ tí wọ́n ń bọ ní Ìlobùú jẹ́ ọdẹ, ó jẹ́ olóògùn, ó sì jẹ́ odò. Ní ti Ìfọ́n, òrìṣà Olúfọ́n ni ti wọn, orúkọ òrìṣà náà sì ti dé ilẹ̀ Brasil. Níbi tí irú òrìṣà báyìí bá ní ojúbọ, ẹnikẹ́ni kì í já wọ igbó etí omi pẹ̀lú àáké. Èmi kò sọ pé ìfẹ́ igi ni ó mú àwọn baba wa dá igbó sí. Èèwọ̀ ni, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kì í béèrè ìdí tí a fi dá òun sí.

Nígbà tí ìhìnrere dé, ó mú ẹ̀rù náà kúrò, èyí sì jẹ́ òmìnira fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé a wó ọgbà èèwọ̀, a kò sì fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a wo Òṣogbo tí ó wà nítòsí. Ní ọdún 1965 ni wọ́n kéde apá kan igbó Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà sínú àwọn ogún gbogbo àgbáyé. Igi rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí olùjọsìn má ṣe mu omi odò náà, nítorí ìdọ̀tí tí àwọn awakùsà góòlù dà sí i lókè odò. Ọgbà lè dáàbò bo igi. Omi a máa ti ẹ̀yìn ọgbà wá. Kò sí ọlọ́dẹ ìjọba tí ó lè dúró sí ẹnu gbogbo gọ́tà. Ìjọ ni ó wà ní gbogbo àdúgbò.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún Erinlẹ̀. Omi tí ó gba Ìlobùú kọjá ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti sé e lẹ́bàá Ẹdẹ fún mímu. Píọ́wọ́tà tí a mu nígbà àpéjọ, tí a sì ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, òjò yóò gbé e dé ibẹ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé fún ìkórè ìjọ kò dá irú ìṣòro yìí sílẹ̀ rí. Kí n sì fi kún un pé bí a ṣe ń fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ń gé mángòrò tí àwọn baba ìjọ gbìn, ilẹ̀ kò lè mu omi òjò mọ́. Ojúde aládùúgbò ni ó ń sáré lọ.

Àwọn ìjọ mìíràn ní Áfíríkà ti ronú kàn án. Ní Etiópíà, ní agbègbè Gondar, ọ̀pọ̀ igbó àdánidá tí ó ṣẹ́ kù ni ó yí ilé ìjọsìn Ọtọ́dọ́ọ̀sì ká. Ní Simbábúwè, láti ọdún 1991, àwọn ìjọ aláṣọ funfun tí ó jọ Aládùúrà tiwa pawọ́ pọ̀ ní agbègbè Masvingo. Wọ́n so gbígbin igi mọ́ oúnjẹ Olúwa: ọmọ ìjọ a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ igi tí ó gé àti etí odò tí ó ro, kí ó tó gba àkàrà àti wáìnì. Mo fẹ́ràn èyí ju ìkéde lórí pẹpẹ lọ, nítorí ó mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì, níbi tí ìjọ ti ní àṣẹ.

Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ti Masvingo wá sí Ìlobùú àti Ìfọ́n bẹ́ẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín ìlú méjèèjì láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 2025 ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, ilé jóná, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Nínú àṣà wa, ẹni tí a yá ní ilẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu. Kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì, nítorí igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ jẹ́ ẹ̀rí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Pèrègún ni a sì fi ń pààlà. Nítorí náà, bí ìjọ kan bá fi ọkàn rere gbin igi sí ibi tí a ń jà lé lórí, ẹjọ́ ni ó gbìn.

Orí ogún ìwé Deutarónómì mọ irú ọ̀ràn yìí: ó ka á léèwọ̀ fún ológun tí ó dó ti ìlú láti fi àáké ké igi eléso ìlú náà. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò tíì gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá ara wọn, níbi tí kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè. Lẹ́yìn èyí, kí ẹgbẹ́ ìjọ Kristi ìlú méjèèjì lọ bá Olóbùú àti Olúfọ́n papọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí igi etí odò kan tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Kí ọ̀dọ́ Ìfọ́n gbin ní ìhà Ìlobùú, kí ti Ìlobùú gbin ní ìhà Ìfọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí wọ́n gbìn ín, kí gbòǹgbò tó mú kí ọyẹ́ tó dé. Láti oṣù Kọkànlá, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan sì ti mọ ọ̀sẹ̀ tí omi pípọn kàn án.