Ọrùn-Ọwọ́ Nínú Gbígbá Gọ́ọ̀fù

Àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù kì í yé pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Tú ọrùn-ọwọ́ rẹ sílẹ̀!” Ohun tí mo fẹ́ sọ ní alẹ́ yìí ni ìdí tí àṣẹ náà fi ń ba akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ju bí ó ti ń tún un ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a. Nígbà tí ó bá gbé ọ̀pá dé òkè, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ yóò ti ká. Apá òsì àti ọ̀pá yóò sì ṣe igun tí ó súnmọ́ 90 dígírì. Inú igun yìí ni ó kó agbára pa mọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti pàṣẹ fún pé kí ó tú ọwọ́, òkè lọ́hùn-ún ni yóò ti tú u, bí apẹja tí ń ju ìwọ̀ sódò. Orí ọ̀pá yóò sáré níbi tí kò sí bọ́ọ̀lù. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀, agbára ti tán, ilẹ̀ ni yóò sì máa gbá. Ẹ má fi èyí ṣeré o: ìdí ọ̀pá tí ń gún àtẹ́lẹwọ́ òsì lè fọ́ egungun kékeré kan tí ó wà níbẹ̀.

Ní 1968, Alastair Cochran àti John Stobbs tẹ ìwé ìwádìí kan jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi eré yìí wé igi méjì tí a so pọ̀: apá ni èkíní, ọ̀pá ni èkejì, ọrùn-ọwọ́ sì ni ìdè àárín wọn. Ẹni tí ó bá ti ta pàṣán rí yóò mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ ti ń dẹ̀ ni ẹnu pàṣán ń yára. Ìdè náà ń tú fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yí, tí ọwọ́ sì ń fa ìdí ọ̀pá bọ̀. Bí a bá sì pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 2,000, bí ìpín kan péré ni orí ọ̀pá fi ń kan bọ́ọ̀lù. Ta ni ó lè pàṣẹ fún ọrùn-ọwọ́ láàárín ìyẹn?

Àwọn kan yóò dárúkọ Ben Hogan ti Amẹ́ríkà, tí ó kọ́ni nínú ìwé rẹ̀ ti 1957 pé kí egungun ọrùn-ọwọ́ òsì yọ síwájú nígbà tí ọ̀pá bá kan bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá ni Hogan. Ṣùgbọ́n àìsàn tirẹ̀ ni ó ń wò, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ń yà sí òsì. Ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń yà sí ọ̀tún. Ẹni tí ó bá di ọ̀pá mú bíi tirẹ̀ lè fi kún àìsàn ara rẹ̀.

Ohun tí èmi yóò ṣe nìyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yí ọ̀pá padà, kí ó di ibi tí ó súnmọ́ orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kí ó sì fì í láìsí bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ yóò dún “fìì”. Bí ó bá dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ọ̀tún, ó ti tú u ní àìtọ́jọ́. Kí ó máa fì í títí ìró náà yóò fi bọ́ sí iwájú ẹsẹ̀ òsì. Etí rẹ̀ ni yóò máa kọ́ ọ. Kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́.

Olóòtú, ọ̀pá kan nìyí. Bí ẹ bá gbà, kí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà pẹ̀lú wa dìde, kí a gbọ́ ibi tí tirẹ̀ yóò ti dún.