Ìwé Ìbí Ni Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọ
Ọ̀rọ̀ fún àwọn òbí ọmọ Yorùbá tí ń gbé Abidjan

Àwọn àgbà ní ọmọ ni aṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ìwé ìbí, ìhòòhò ni ó wà lójú ìjọba.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ bí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn ti pọ̀ tó ní Abidjan. Ní Treichville àti Adjamé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá ti ń gbé ẹrù lọ sí ọjà, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ara ọmọ náà bá gbóná, owó ọjà ni ó ń di owó oògùn, ebi a sì wọlé tọ àwọn ìyókù.

Nítorí irú ìyà yìí ni ìjọba Côte d'Ivoire ṣe ṣe òfin ètò ìlera gbogbo ènìyàn, tí à ń pè ní CMU, ní oṣù Kẹta ọdún 2014. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. 1,000 sẹfà ni owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Nínú 100 sẹfà ìtọ́jú tí ètò náà gbà, òun yóò san 70, aláìsàn yóò san 30. Ìjọba ni ó ń san ti aláìní paraku. Òfin náà kò sì yọ àlejò tí ń gbé ilẹ̀ náà sílẹ̀. Lóòótọ́, 6,000 sẹfà lóṣù fún ìdílé ẹni mẹ́fà kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ alátẹ. Síbẹ̀, ibùsùn ilé ìwòsàn wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀kọ́, òfin ọdún 2015 pa á láṣẹ pé kí ọmọ ọdún 6 títí dé 16 wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ìwé ìbí a kàwé títí, a sì kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹkún ọmọ bẹ́ẹ̀, ta ni ó jẹ̀bi rẹ̀?

Ọ̀fẹ́ ni kíkọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín oṣù 3 tí a bí i. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, ó di ìnáwó àti ààbọ̀ọ̀lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bẹ̀rù pé ìwé náà yóò gba ọmọ lọ́wọ́ Yorùbá: ibi tí a bí i àti òbí tí ó bí i ni ó ń jẹ́rìí sí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba ni ó ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n òbí ni ó fa ọmọ lọ́wọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí. Bí a bá sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tí oyin àti àádùn ti kan ahọ́n rẹ̀, kí baba má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí kí ó tó gbé orúkọ náà dé ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì bá ẹni tí kò gbọ́ Faransé lọ.

Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí a kò bá na ọwọ́ gbà, ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.