Nígbà tí Ojú Bá Ń Gbóná

Àrùn awọ kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní rosacea. Ojú a máa gbóná, a máa ta ni bí ẹni fi ata pa á. Kókó wẹ́wẹ́ a sì so ní imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n rẹ̀ kì í tètè hàn, ni a ṣe ń pè é ní irorẹ́. Kì í ràn. Oòrùn, ọtí àti ata a máa ru ú sókè.

Ẹ má fi ìpara tí a fi ń bóra sí i. Èyí tí ó ní sítẹ́rọ́ìdì a kọ́kọ́ tù ú lára, lẹ́yìn náà a mú un burú sí i. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le wẹ ojú, ẹ dé akẹtẹ̀ nínú oòrùn, kí ẹ sì tọ dókítà lọ kíákíá, pàápàá bí ẹyinjú bá ń ta yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dìgbà o.