Ta Ló Ń Wẹ Màmá Wa?

Wọ́n ní kí àwa Alukoro sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí oúnjẹ má baà tutù.

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ìkómọ ni a ń bá ara wa ṣe. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ màmá àti bàbá ló kù lẹ́nu wa. Púpọ̀ nínú wa ń pe ìyá wa lórí fóònù láràárọ̀. "Màmá, ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni, ọmọ mi." Ó parí. Àgbà kì í sọ fún ọmọ pé òun kò lè dá wẹ̀ mọ́. Ní ìdí iṣẹ́ báńkì tí à ń ṣe, a kì í yá oníṣòwò lówó nítorí pé ó ní ọjà ń tà; a máa ń lọ wo ṣọ́ọ̀bù.

Irú ìbẹ̀wò yẹn ló yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, àwọn CHEW tí a mọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, máa ṣe sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n ti mọ ojúlé wa. Ohun tí wọn yóò wò ni a ní láti kọ́ wọn.

Ní 1963, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Sidney Katz, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó o sí ohun mẹ́fà: ṣé ẹni náà lè dá wẹ̀, kó dá wọṣọ, kó dá lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, kó mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, kó sì dá jẹun? Wọ́n rí i pé wíwẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, jíjẹun ló ń kẹ́yìn. Ẹ ò rí i: ìyá tó jẹ iyán tán níwájú wa lọ́jọ́ Sunday lè ti pẹ́ tí kò ti lè wẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú. A sì lè bèèrè é ní Yorùbá. Láti 2003, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn, lọ bá àgbà 2,152 tó ti pé ọdún 65 sókè nílé wọn, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ.

Bí a ṣe ń bèèrè ló ṣòro. Ọmọ ọdún 25 kò lè wọlé kó bi bàbá pé, "Ṣé ẹ ń tọ̀ sára?" Yóò kọ́kọ́ kí wọn bó ti yẹ, yóò bẹ àwọn ará ilé tó máa ń dáhùn fún bàbá pé kí wọ́n bọ́ síta díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá fọgbọ́n bèèrè bóyá ìtọ̀ máa ń yá ju ẹsẹ̀ lọ. Bí bàbá bá ní òun lè dìde, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde kí n rí i." Ìwé tí àjọ WHO gbé jáde ní 2019 ní kí àgbà dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún láìfi ọwọ́ tì í, bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 14 lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Ní Àgùdà tiwa, ẹ fi àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún un. Àwọn àgbà kan wà lókè tí wọn kò sọ̀kalẹ̀ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọsibítù kàn. Àga kékeré nínú balùwẹ̀ àti irin tí wọ́n lè dì mú lè tó ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn nílò ẹni tí yóò máa wá láràárọ̀.

Àbá wa nìyí: kí a yọ nínú owó tí a bá rí lónìí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí, owó ọkọ̀ wọn, oúnjẹ wọn, àti nọ́ọ̀sì tí yóò kọ́ wọn. A mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí a ra kánópì. Kánópì lè dúró. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ń gbé ládùúgbò, kó mú orúkọ wọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ó jẹ́ ilé tiwa ni wọn yóò ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́.